Mọ́tò hybrid kan, awakọ̀ mẹ́rin: ta ló ń mu epo wa?

Àṣàkẹ́_Akóbọ́ (Ọjọ́ Ajé, 9:14 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ gbà mí lọ́wọ́ ìjà ilé.

Ẹ rántí pé kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún 2023, lítà bẹntiróòlù kan kò tó 200 náírà. Kí 2024 tó parí, ó ti kọjá 1,000. Ìgbà yẹn la dáwó jọ nílé wa ní Ìbàdàn, a ra Toyota Prius 2010, mọ́tò hybrid tó ń lo epo àti iná bátìrì pọ̀, tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà. Èmi mú díẹ̀ wá, àbúrò mi ọkùnrin mú díẹ̀ wá, Màámi mú èyí tó pọ̀ jù wá nínú owó èlùbọ́ wọn, Dádì sì ta Peugeot 504 wọn tó ti ń hu koríko lẹ́yìn ilé, wọ́n fi kún un. Àwa mẹ́rin la ni ín, àwa mẹ́rin la ń wà á.

Èmi ni mo ń gbé e lọ síbi iṣẹ́ ní Dúgbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé àti Ọjọ́rú. Àbúrò mi ni ó ni Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀. Ọ̀nà Èkó ni ibi iṣẹ́ tirẹ̀ wà, ó kọjá Toll Gate dáadáa. Ẹtì àti Àbámẹ́ta jẹ́ ti Màámi nítorí ọjà Bódìjà. Dádì ló ni ọjọ́ Àìkú, àti ìrọ̀lẹ́ yòówù tó bá wù wọ́n láti lọ kí àwọn ọ̀rẹ́ wọn ní Bẹẹrẹ àti Mápó. Ẹni tó bá lò ó ni kó ra epo padà sí ibi tó bá a.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó gbé e tí kò ní sọ pé epo tí òun rà ju èyí tí òun jó lọ. Dádì bá ra ìwé ìkọ̀wé bíi ti ọmọ iléèwé. Bí ẹnikẹ́ni bá ti wọlé, kó tó sọ̀ kalẹ̀ pàápàá, Dádì á ti dé pẹ̀lú awò ojú wọn, wọ́n á kọ nọ́ńbà tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù sílẹ̀, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ padà sí òdo fún ẹni tó kàn. Lẹ́yìn oṣù kan, wọ́n pè wá sí pálọ̀, wọ́n ka èsì: Màámi 33, Dádì fúnra wọn 37, èmi 41, àbúrò mi 46.

Dádì ní, "Ṣé mo sọ bẹ́ẹ̀ tàbí mi ò sọ bẹ́ẹ̀? Ẹni tó ń wakọ̀ bí oní-takisí Micra Ìwó Róòdù, ṣebí òun náà ni epo ò níí dúró lọ́wọ́ ẹ̀." Wọ́n fẹ́ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti Ọjọ́ Ẹtì, ọmọkùnrin náà ò bá wa jẹun pọ̀ mọ́.

Ohun mìíràn tún wà. Bí Màámi bá ń bọ̀ láti ọjà lọ́sàn-án, a máa ń gbọ́ ariwo kan lẹ́yìn mọ́tò bíi fáànù tó fẹ́ fò. Mẹ́káníìkì kan ní bátìrì ńlá ló ń kú lọ, pé wíwà-kú-wà ló pa á. Owó tó pè, mi ò lè kọ ọ́ síbí, kí ẹ má baà pariwo mọ́ mi lórí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pín mọ́tò irú èyí nílé, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Ọmọ_Yemẹtù (9:22 alẹ́)

Ẹ tà á, kí ẹ fi ra Micra méjì. Ilé á tòrò.

ÌyáÌbejì_Apáta (9:40 alẹ́)

Ẹ má dá Ọmọ_Yemẹtù lóhùn. Àṣàkẹ́, èmi àti bàbá àwọn ìbejì pẹ̀lú àbúrò ọkọ mi la jọ ń lo ọkọ̀ kan fún ọdún mẹ́ta. Kì í ṣe hybrid, ṣùgbọ́n ìjà kan náà ni. "Ra epo padà síbi tó o bá a" yẹn ló ń dá wàhálà sílẹ̀, torí ọ̀pá tó ń fi iye epo hàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù kì í sọ òótọ́. Ó lè dúró sójú kan títí, kó wá já lulẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹni tí kò jẹ iyán wá ń fọ odó. Ohun tí a ṣe ni pé a fi owó epo sínú àpò kan, oníkálukú ń dá a gẹ́gẹ́ bí ibi tó rìn dé.

Ṣùgbọ́n kí n tún sọ ọ́ o: ẹ má gba owó epo lọ́wọ́ ìyá yín. Èyí tí wọ́n fi tọ́ yín, ta ló bá wọn ṣírò rẹ̀?

Tíṣà_Físíìsì (9:58 alẹ́)

Àṣàkẹ́, ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà tí Dádì ń kọ sílẹ̀ yẹn?

Àṣàkẹ́_Akóbọ́ (10:03 alẹ́)

Mo sáré jáde lọ wò ó pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. MPG ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Tíṣà_Físíìsì (10:21 alẹ́)

Mo fura. MPG ni iye máìlì tí gálọ́ọ̀nù epo kan gbé mọ́tò dé. Kì í ṣe iye epo tó mu. Bó bá ṣe ń ga, bẹ́ẹ̀ ni epo ń pẹ́ tó. Ẹni tí Dádì fẹ́ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn gan-an ni epo pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ jù nínú gbogbo yín.

Ẹ má bínú sí Dádì ṣá, ọ̀pọ̀ ló ń ṣì í kà. Mọ́tò tó bá ti Yúróòpù wá sábà máa ń kọ ọ́ ní lítà fún 100 kìlómítà, ìyẹn ló jẹ́ pé bó bá kéré ló dára. Ti Amẹ́ríkà yàtọ̀. Gálọ́ọ̀nù tiwọn náà kì í ṣe kẹ́ẹ̀gì lítà 4 tí à ń pè ní gálọ́ọ̀nù níbí, lítà 3.785 ni. Máìlì kan sì jẹ́ kìlómítà 1.609.

Mo ti bá yín ṣírò rẹ̀. 46 ti àbúrò yín jẹ́ kìlómítà 19.6 lórí lítà kan. Tiyín, 41, jẹ́ 17.4. Ti Dádì jẹ́ 15.7. Ti Màámi jẹ́ 14. Ká ní 1,000 náírà ni lítà kan: bí àbúrò yín bá rin 100 kìlómítà, epo nǹkan bí 5,110 náírà ni yóò jó. Bí Màámi bá rin ìyẹn kan náà, á tó 7,130. Iye tí ìjọba Amẹ́ríkà kọ sí mọ́tò yẹn nígbà tó jáde ni 51 nínú ìgboro àti 48 ní ọ̀nà márosẹ̀. Ẹ ò rí i pé ti ìgboro ló ga jù? Mọ́tò tó fẹ́ràn gosiló ni, níwọ̀n ìgbà tí ẹni tó ń wà á bá mọ ohun tó ń ṣe.

Ọmọ_Yemẹtù (10:24 alẹ́)

Háà! Oṣù kan gbáko! Dádì fi ìwé dá olóòótọ́ lẹ́jọ́, wọ́n sì jókòó lórí àga adájọ́ pẹ̀lú 37 lọ́wọ́. Ẹ̀rín pa mí o.

Àṣàkẹ́_Akóbọ́ (10:31 alẹ́)

Yéè! Ta ló máa sọ fún Dádì? Èmi kọ́ o. Tíṣà, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n orí ti ń fọ́ mi báyìí. Báwo ni ẹni tó ń sáré ṣe wá jẹ́ ẹni tí epo pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ jù? Bí ẹ bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ yẹn nínú mọ́tò, ẹ ó máa bá a tẹ búrékì ni.

Tíṣà_Físíìsì (10:47 alẹ́)

Ó ń sáré o, ṣùgbọ́n aago mélòó ló ń jáde? Bó bá jẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ọ̀nà á ti tú sílẹ̀ fún un, ẹsẹ̀ rẹ̀ á dúró sójú kan fún ìrìn gígùn. Ẹ́ńjìnnì á gbóná lẹ́ẹ̀kan, á sì máa lọ. Ti Màámi, láti Akóbọ́ sí Bódìjà kò jìnnà, ẹrù wà lẹ́yìn, wọ́n á dúró, wọ́n á tún gbéra. Ẹ́ńjìnnì tútù máa ń kọ́kọ́ jó epo láti fi mú ara rẹ̀ gbóná, yálà ibi tó ń lọ jìn tàbí kò jìn. Nítorí náà, nọ́ńbà yẹn kì í ṣe ìwà awakọ̀ nìkan. Ọ̀nà wà ńbẹ̀, ẹrù wà ńbẹ̀, àsìkò wà ńbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ọwọ́ ta ló le, ẹ jẹ́ kí gbogbo yín wà á lọ sí ibì kan náà ní aago kan náà.

Awakọ̀_Àtijọ́ (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:05 àárọ̀)

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ rọra fi Dádì ṣe ẹ̀rín. Ẹni tó ti wa 504 nílùú yìí ti rí nǹkan. Tíṣà ti ṣàlàyé MPG, mo gbà. Ṣùgbọ́n àwa tí a wakọ̀ nígbà tí epo ń wọ́n lọ́jà mọ bí a ṣe ń ṣọ́ ọ. Bí mo bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti Mápó sí Bẹẹrẹ, fírì ni mo máa ń ju jíà sí, ọkọ̀ á máa yọ̀ lọ bí ẹni pé kò sẹ́ńjìnnì nínú ẹ̀. Nínú gosiló náà, fírì. Ó dá mi lójú pé bẹ́ẹ̀ ni Dádì yín ń ṣe, bí wọ́n bá jẹ́ awakọ̀ gidi.

Àṣàkẹ́_Akóbọ́ (6:32 àárọ̀)

Bàbá, ẹ kú àárọ̀ sà. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n tiẹ̀ máa ń bá wa wí pé a ò mọ bí a ṣe ń lo fírì.

Rewáyà_Gééti (7:50 àárọ̀)

Bàbá Awakọ̀, mo dọ̀bálẹ̀ sà. Iṣẹ́ rewáyà ni mò ń ṣe, ọkọ̀ hybrid ló pọ̀ jù lọ́wọ́ mi báyìí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n tú u wò.

Ohun tẹ́ ẹ sọ bá 504 mu lọ́nà tiwọn. Nínú Prius, òdì ló jẹ́. Mọ́tò oníná tó wà nínú ọkọ̀ náà, èyí tó ń ti táyà lọ síwájú, òun náà ló ń di jẹnẹrétọ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá yọ ẹsẹ̀ tàbí tẹ́ ẹ bá rọra kan búrékì. Táyà ló ń yí i padà, iná tó bá sì mú jáde ń wọ inú bátìrì ńlá. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Mápó yẹn, epo ọ̀fẹ́ ni. Bí ẹ bá wá ju jíà sí N, ìyẹn fírì, ẹ ti já okùn tó wà láàárín wọn. Ẹ ó sọ̀ kalẹ̀ dé Bẹẹrẹ láìrí kọ́bọ̀ gbà, búrékì lásán ni yóò sì máa gbóná.

Ti gosiló tún burú sí i. AC inú ọkọ̀ yẹn kì í dúró de ẹ́ńjìnnì, bátìrì ńlá ló ń bọ́ ọ. Ní N, ẹ́ńjìnnì ò lè gba agbára sínú bátìrì. Ẹ wo àwòrán bátìrì tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù: ìlà 8 ló ní. Bí Dádì bá dúró sí Mọ́kọ́lá ní N pẹ̀lú AC fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ ó rí i tí ìlà yẹn ń jábọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bó bá ti dé 2, ẹ́ńjìnnì á wá ṣiṣẹ́ àṣekára nígbà tẹ́ ẹ bá gbéra láti fi san gbèsè. Ẹ fi sílẹ̀ ní D, jíà tí a fi ń rìn síwájú, kí ẹ fi ẹsẹ̀ di búrékì mú. Ó tán. B tó wà níbẹ̀, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gígùn ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ má fi rìn káàkiri ìgboro.

Ẹ wá jẹ́ kí n béèrè ọ̀rọ̀ kan nípa ariwo ẹ̀yìn yẹn. Èlùbọ́ Màámi, ibo ló máa ń wà nínú mọ́tò?

Àṣàkẹ́_Akóbọ́ (8:15 àárọ̀)

Nínú búùtù. Bí búùtù bá kún, àpò méjì máa ń jókòó lórí àga ẹ̀yìn lápá ọ̀tún. Màámi á so bẹ́líìtì mọ́ wọn pàápàá, wọn ò fẹ́ kó ṣubú. Ó ku kí wọ́n ra gàlá fún wọn lójú ọ̀nà.

Rewáyà_Gééti (8:29 àárọ̀)

Ẹ má ra bátìrì kankan o! Ẹ gbọ́ mi dáadáa.

Ihò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, ojú rẹ̀ dà bí asẹ́. Imú bátìrì nìyẹn. Ibẹ̀ ni fáànù ń gbà fa afẹ́fẹ́ tútù inú mọ́tò lọ sí ara bátìrì. Àpò èlùbọ́ ti jókòó sí i lẹ́nu, bátìrì ń làágùn, fáànù ń sáré bí ẹni tí wọ́n lé. Ariwo tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ nìyẹn. Àti pé ìyẹ̀fun tó bá sì ń bọ́ lára àpò, fáànù ń fà á wọlé, ó ń lẹ̀ mọ́ àwọn abẹ fáànù náà. Bí bátìrì bá ti gbóná jù, kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ á dín iṣẹ́ rẹ̀ kù, ẹ́ńjìnnì á gba ẹrù náà rù. Epo Màámi ló ń bá a lọ.

Mi ò sọ pé bátìrì tó ti pẹ́ tó yìí ò lè kú. Ó lè kú. Módù 28, ìyẹn bátìrì kéékèèké, ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fóótì 7.2, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 201.6. Nígbà mìíràn ẹyọ kan ló kú tí wọ́n á ní kí ẹ ra odidi. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, wọ́n á pa tuntun pọ̀ mọ́ ògbólógbòó, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, òmíràn á tún kú. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò kọ́kọ́ yẹ fáànù wò kó tó dá ẹjọ́ ikú fún bátìrì, ẹ má gbé ọkọ̀ padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, kí àbúrò yín má ṣe tú u fúnra rẹ̀ láti orí YouTube. Wáyà aláwọ̀ ọsàn tó wà níbẹ̀, fóótì 200 ló ń gbé. Ó ń pa èèyàn. Ẹni tó mọ iṣẹ́ á kọ́kọ́ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, á yọ púlọ́ọ̀gì ààbò inú búùtù, á dúró tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó fọwọ́ kan nǹkan kan.

ÌyáÌbejì_Apáta (9:11 àárọ̀)

Ta ló máa sọ fún Màámi pé kí wọ́n má gbé èlùbọ́? Mọ́tò tí wọ́n fi owó èlùbọ́ rà!

Ọmọ_Yemẹtù (9:13 àárọ̀)

Ẹni tó máa sọ MPG fún Dádì ni kó bá wa sọ èyí náà pọ̀.

Àṣàkẹ́_Akóbọ́ (Ọjọ́ Àìkú, 4:40 ìrọ̀lẹ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ní ìròyìn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan la gbé e lọ sí Gééti, èmi, Dádì àti Màámi. Màámi ò tiẹ̀ fẹ́ lọ; wọ́n ní àwọn ní oníbàárà. Ọmọkùnrin tó ṣe é yọ púlọ́ọ̀gì, ó dúró, ó tú ẹ̀gbẹ́ àga, ó fa fáànù náà jáde. Kò tóbi, kò ju àwo ọbẹ̀ lọ. Gbogbo abẹ rẹ̀ ti di aláwọ̀ ilẹ̀, ó nípọn bí ẹni pé wọ́n rẹ́ ẹ lára. Ọmọ náà gbé e sí imú, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyá, èlùbọ́ rèé."

Màámi na ọwọ́. Wọ́n fi ìka fá díẹ̀ níbẹ̀, wọ́n rà á láàárín ìka méjì bí wọ́n ṣe ń ṣe fún oníbàárà, wọ́n wò ó sójú oòrùn. Wọ́n ní, "Èyí kì í ṣe tèmi. Tèmi kì í dúdú báyìí."

Ọmọ náà ní, "Ìyá, ó ti pẹ́ níbẹ̀ ni."

Wọ́n ní, "Èlùbọ́ mi kì í dúdú tó bá pẹ́."

Bí gbogbo ṣọ́ọ̀bù ṣe dákẹ́ nìyẹn. Wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré nù ún, wọ́n fẹ́ ẹ, wọ́n tò ó padà. Owó tó gbà kò tó owó epo ọ̀sẹ̀ kan wa. Láti ọjọ́ náà, a ò gbọ́ ariwo mọ́, bátìrì ò sì kú.

Lẹ́yìn náà ló wá kan èlùbọ́. Dádì ní kí Màámi máa fi Micra kó àpò tó bá pọ̀ jù. Màámi ní, "Mọ́tò tí èlùbọ́ rà, èlùbọ́ ò gbọdọ̀ jókòó nínú ẹ̀?" Kò sẹ́ni tó rí èsì fọ̀. Ibi tí a parí rẹ̀ sí ni pé búùtù ni èlùbọ́ á máa wà. Bó bá kún, àpò kan péré ló lè wá sórí àga, apá òsì, nínú ọ̀rá tí wọ́n dì lẹ́nu. Wọ́n gbà. Ohun tí wọ́n ń ráhùn rẹ̀ báyìí ni pé mọ́tò náà ò ní ohùn, pé bí àwọn bá wọ inú ọjà, àwọn alábàárù ò ní gbọ́ wọn títí wọ́n á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀. Họ́ọ̀nù ni wọ́n ń fọn láti ẹnu ọjà títí dé ìsọ̀.

Ti MPG, mi ò sọ ọ́ lẹ́nu. Mo tẹ ọ̀rọ̀ Tíṣà jáde sórí bébà, mo fi sínú ìwé Dádì, mo lọ sí kíṣíìnì. Ó pẹ́ kí n tó gbọ́ nǹkan. Nígbà tí mo yọjú, wọ́n ti mú báírò pupa, wọ́n ti fa ìlà sábẹ́ gbogbo èyí tó wà nílẹ̀, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sórí ojú ewé tuntun: BÍ Ó BÁ GA LÓ DÁRA. Wọn ò wí nǹkan kan. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ké sí àbúrò mi láti inú yàrá. Wọ́n ní kó lọ bá àwọn ra búrẹ́dì ní Baṣọ̀run. Búrẹ́dì wà nílé. Bó ṣe fẹ́ máa fi ẹsẹ̀ rìn jáde, wọ́n ju kọ́kọ́rọ́ sí i, wọ́n ní, "Ṣé ẹsẹ̀ lo máa fi rìn ni?" Ó bá wa jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Nọ́ńbà tuntun rèé, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí a nu fáànù: Màámi 37, Dádì 41. Dádì ti fi fírì sílẹ̀, ó kù díẹ̀ kó má rí bẹ́ẹ̀ ṣá. Ọwọ́ wọn ṣì máa ń lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀ bí a bá dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Iye máìlì tí oníkálukú bá rìn ni wọ́n ń kọ báyìí, orí ìyẹn la sì ń dá owó epo lé bí ÌyáÌbejì ṣe sọ. Màámi kọ̀ kí a dá tiwọn. Wọ́n ní àwọn ò gba sàráà lọ́wọ́ ọmọ.

Tíṣà_Físíìsì (5:02 ìrọ̀lẹ́)

Ó dùn mọ́ mi. Ẹ má gbé gbogbo ìyìn náà fún fáànù o, àpò tó ti inú mọ́tò kúrò náà ní tirẹ̀ ńbẹ̀. Ẹ wo afẹ́fẹ́ táyà pẹ̀lú. Táyà tó rọ̀ ń jẹ epo ní ìdákẹ́jẹ́.

Awakọ̀_Àtijọ́ (5:30 ìrọ̀lẹ́)

Mo ti gbọ́ ti N. Èmi náà ò ní hybrid, nítorí náà fírì mi ń bá a lọ. Ẹ bá mi kí Dádì yín. Ẹ ní ọ̀rẹ́ kan kí wọn.

Oní_Micra_náà (8:16 alẹ́)

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbà. Èmi ni àbúrò tí wọ́n ń sọ. Wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà, èmi náà wá rojọ́ tèmi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Tíṣà tó yọ orí mi nínú okùn.

Kí n jẹ́wọ́ ti mi ná: páàdì búrékì iwájú ti tín-ín-rín. Ọmọ tó nu fáànù ló rí i, ó ní Prius kì í tètè jẹ páàdì nítorí jẹnẹrétọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ mú ọkọ̀ dúró, àfi bí ẹnìkan bá ń tẹ búrékì lójijì. Gbogbo wọn ló wò mí. Èmi ni. Mo ti ra òmíràn. Bí mo bá wà lọ́nà márosẹ̀ ẹsẹ̀ mi dáa, ṣùgbọ́n bí mo bá ti wọ Ìwó Róòdù, àwọn oní-Micra yẹn á kó èèràn ràn mí.

Ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi ibi tí 41 tiwọn ti wá. Dúgbẹ̀ ò jìnnà, wọn ò gbé èlùbọ́, wọn ò mọ fírì. Ọ̀sán ni wọ́n ń sùn nínú mọ́tò! Wọ́n á jẹun tán, wọ́n á lọ jókòó sínú ẹ̀, wọ́n á tan AC, wọ́n á na àga sẹ́yìn. Torí pé ẹ́ńjìnnì ò ké, wọ́n gbà pé kò jó epo. Ó ń jí, ó ń kún bátìrì, ó ń sùn padà, bíi tiwọn gẹ́lẹ́.

Ti oṣù tó kọjá ńkọ́? Wọ́n wọlé lálẹ́, wọ́n gbé báàgì, wọ́n lọ sókè. Mọ́tò ò pariwo, nítorí náà wọ́n rò pé àwọn ti pa á. READY, àmì pé wọn ò tíì pa á, ṣì ń tàn lójú ẹ̀ gbẹdẹdẹ. Ní aago mọ́kànlá kọjá, ẹ́ńjìnnì tàn fúnra rẹ̀ nínú òkùnkùn. Bàbá onílé kejì pariwo olè. Dádì jáde pẹ̀lú àdá. Ẹ̀gbọ́n mi ò kọ ìyẹn síbí, àbí?

Ọmọ_Yemẹtù (8:19 alẹ́)

ÀDÁ!

ÌyáÌbejì_Apáta (8:25 alẹ́)

Àṣàkẹ́, ọ̀rọ̀ rèé o.

Àṣàkẹ́_Akóbọ́ (8:33 alẹ́)

Ta ló fi ibí han ọmọ yìí? Ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Oorun ọ̀sán yẹn náà, bí ooru Dúgbẹ̀ bá mú yín, ẹ̀yin náà á sùn. Màá bá ọ nínú ilé.

Rewáyà_Gééti (8:41 alẹ́)

Àṣàkẹ́, ẹ má bínú. Ìrọ̀lẹ́ yìí, ta ló gbé mọ́tò wọlé kẹ́yìn?

Àṣàkẹ́_Akóbọ́ (8:42 alẹ́)

Èmi ni. Kí ló dé?

Rewáyà_Gééti (8:42 alẹ́)

Kò sí o. Ṣé ẹ pa á?

Àṣàkẹ́_Akóbọ́ (8:43 alẹ́)

Ẹ dúró, mò ń bọ̀.